Ara ọmọ ti yá, èmi ni mi ò rí oorun sùn: ẹ̀yin òbí ọmọ SS, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bọ́lá (Kábbà)

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Ọmọ mi obìnrin ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ, SS ni, àìsàn sickle cell tí à ń pè ní àrọmọléegun. Kì í ṣe ti àìsàn rẹ̀ ni mo bá wá lónìí. Ó ń lo folic acid (oògùn ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine (oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un) rẹ̀, a kì í sì í pa ọjọ́ kíníìkì jẹ. Ọ̀rọ̀ èmi ìyá rẹ̀ ni.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, egungun dùn ún débi pé wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sí ilé ìwé, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Èmi ni mi ò tíì bọ̀ sípò. Bó bá ti yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti dìde. Màá fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, màá dùbúlẹ̀, màá tún dìde. Òru tí nǹkan kan ò ṣe é gan-an ló máa ń burú jù, torí ṣe ni mò ń retí kó bẹ̀rẹ̀.

Bílẹ̀ bá mọ́, màá jókòó sídìí máṣíìnì (aṣọ ni mò ń rán), ọwọ́ mi ò ní lọ. Aṣọ oníbàárà ti kún ilẹ̀. Ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè, mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin, AS lòun (S kan ló ní, kò ṣàìsàn), ti dẹ́kun bíbéèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Ẹnu ará ilé kejì ni mo ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti lọ yá owó ìwé.

Ọ̀bàjánà ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, kì í sì í ṣe gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní àbíkú ni, kí n yọ̀ǹda káwọn gbé e lọ síbì kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gbààwẹ̀ sí i. Oníkẹ́míìsì ní òun á fún mi ní oògùn oorun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n má ronú. Gbogbo ayé ló ti sọ ìyẹn fún mi.

Adúrótolúwa (Mọ̀pà)

Ọ̀kun o, màmá. Ọmọ náà ò ní kú mọ́ wa lójú. Ààwẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà yẹn, ẹ gbà á, ẹ má fojú kéré àdúrà. Ní ti oorun, àbúrò mi wà nírú ipò yìí nígbà tí ọmọ tiẹ̀ ń ṣàìsàn, Lexotan ni wọ́n fún un ní kẹ́míìsì. Oògùn kékeré báyìí. Ó sùn fọnfọn.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú

Adúrótolúwa, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ká má máa júwe Lexotan fúnra wa. Òun àti Valium, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Wọ́n ń mú oorun wá lóòótọ́, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ara á ti gbára lé wọn, ìwọ̀n tí èèyàn ń lò ò ní ran mọ́, bó bá sì ní òun ò lò ó mọ́, oorun á tún sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ọtí tàbí tramadol kún un lè má jí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá tó dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ SS, tó wá gbé oògùn oorun mì, ta ló fẹ́ gbọ́ bí ọmọ bá pè lóru?

Ìyá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé nǹkan yìí ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, lójoojúmọ́? Ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń dùn mọ́ yín? Ṣé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi pé ẹ̀yin lẹ fa àìsàn ọmọ? Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn ju báyìí lọ? Ẹ má bínú pé mo béèrè èyí tó kẹ́yìn ní gbangba. Bíbéèrè rẹ̀ kì í gbìn ín sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ẹni tó bá ti ní in lọ́kàn ló máa ń rí ẹni sọ ọ́ fún. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dá wà lálẹ́ òní, ẹ pe ẹnì kan sílé, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù láìdúró de ọjọ́ kíníìkì.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni mo ń fura sí, pẹ̀lú ẹ̀rù tó dé tí kò lọ mọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ní ti ọmọ lóru, ẹ ra tẹ̀mómítà. Ẹ̀yìn ọwọ́ tó ti rẹ̀ ò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ wò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn. Bí ara rẹ̀ ò bá gbóná, tí kò sì sí ìrora, ẹ sùn. Bó bá pé 38, ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà.

Ìyá Tèmídire (Ìsánlú)

Nọ́ọ̀sì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n "ẹ sùn" yẹn ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òru kan ṣoṣo ni àkọ́bí mi fi lọ. Ara rẹ̀ ò gbóná. Ikùn rẹ̀ ló wú lápá òsì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti parí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni dókítà ṣàlàyé fún wa pé spleen, ẹ̀yà ara kan tó wà nínú ikùn lápá òsì, ló fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ra. Ṣé tẹ̀mómítà á sọ ìyẹn?

Ẹ̀rù tẹ́ ẹ ń pè ní àìsàn yẹn, níbi tí à ń gbé, ó nídìí. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsánlú, ta ló fẹ́ gbé e? Gbogbo wa la mọ ohun táwọn ajínigbé ń ṣe lójú ọ̀nà apá ibí. Ẹ dé ọsibítù tán, ẹ̀jẹ̀ lè má sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọkàn ìyá yìí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo bí èkejì, tí SS lòun náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú. Mo lọ bá ọlọ́kadà kan àti ẹnì kan tó ní mọ́tò ládùúgbò lọ́sàn-án gangan, mo ní bí mo bá pè yín lóru, ṣé ẹ ó wá? Wọ́n ní àwọn ó wá. Mo wádìí ibi tó sún mọ́ wa jù tí wọ́n ti lè fa omi sí i lára kílẹ̀ tó mọ́. Mo mọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu nínú ẹbí, mo sì ní nọ́ńbà wọn. Bá a bá ta kajú, mo máa ń yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bàbá wọn pàápàá. Ti ìgbà ọyẹ́ ni. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn ti wà nílẹ̀ ni oorun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó rán an lọ bá dókítà, ẹ bi í léèrè ẹni tó máa gbé e bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú

Ẹ kú ìfaradà, màmá. Òótọ́ lẹ sọ nípa spleen, tẹ̀mómítà ò lè sọ ìyẹn. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló máa ń ṣe jù, torí nínú ọ̀pọ̀ ọmọ SS, spleen yẹn ti máa ń sún kì bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀. Ìyá ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n kọ́ òun ní kíníìkì bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá a lábẹ́ egungun ìhà òsì.

Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ohun tí mo fẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa ṣọ́ ni kí àyà máa dùn ún tó sì ń mí kíákíá, kí ètè àti àtẹ́lẹwọ́ funfun, kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kọ̀ ṣíṣe, kí ẹnu wọ́. Kò sí èyí tá à ń dúró wò nínú wọn. Ètò mọ́tò òru yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà lórí dókítà. Ìyá Bọ́lá ò jẹun, kò lè ṣiṣẹ́. Mọ́tò ò lè wo ìyẹn sàn.

Bàbá Ìbejì (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ̀yin obìnrin ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan lẹ bímọ. Ọ̀kan nínú ìbejì mi ní wárápá. Àwa ọkùnrin kì í sunkún níta, ibi iṣẹ́ la máa ń sá sí. Bí ọkọ ìyá yìí bá ń dúró ṣiṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní Ọ̀bàjánà, ó lè máà jẹ́ owó nìkan ló ń wá. Ó lè jẹ́ pé ilé ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ bi í.

Ohun tí èmi àti ìyàwó mi ṣe ni pé a pín òru. Bó bá jẹ́ òru tèmi, yàrá kejì ló ń sùn, kò gbọdọ̀ wá yọjú. Ó kọ́kọ́ bá mi jiyàn pé mi ò lè gbọ́ bí gìrì bá mú ọmọ. Mo gbọ́. Torí náà, bí ọkọ yín bá wálé lọ́jọ́ Fúráìdé, òru Fúráìdé àti ti Sátidé, tirẹ̀ ni. Ẹ má dúró tì í. Ìdajì ìṣòro ẹ̀yin ìyá ni pé ẹ ó ní ká ran yín lọ́wọ́, ẹ ó tún dúró sẹ́yìn wa máa sọ pé kì í ṣe báyẹn. (Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi fún ìyẹn.)

Ìyá Tèmídire (Ìsánlú)

A ti bú yín. Ìdajì kejì ni àwọn bàbá tí wọn ò mọ orúkọ oògùn ọmọ wọn.

Ìyá Bọ́lá (Kábbà)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́.

Nọ́ọ̀sì, ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ dáadáa. Ti ìdálẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni. Ká tó ṣe ìgbéyàwó, a ṣe àyẹ̀wò, láàbù kan kọ AA fún mi, pé mi ò ní S kankan. Ìgbà tọ́mọ yìí dé la tó tún un ṣe níbòmíràn, AS ni mo jẹ́. Mo ṣì ní ìwé àkọ́kọ́ yẹn nínú àpótí. Ti ikú, rárá o. Ṣùgbọ́n ó máa ń wù mí kí n lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní pè mí ní Màmá fún ìgbà díẹ̀. Ṣé ìyẹn náà wà nínú rẹ̀?

Ìyá ọkọ mi lè ràn mí lọ́wọ́. Ó lágbára, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Bí mo bá sì lọ bá dókítà ọpọlọ, ẹ mọ Kábbà, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n á ní orí ìyá Bọ́lá ti yí.

Ìyá Tèmídire (Ìsánlú)

Ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la ń wá ibẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Ọmọ mi, ọ̀kun o. Jẹ́ kí n gba ẹnu ìyá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀, torí ẹgbẹ́ mi ni. Nígbà tá a wà ní kékeré, ilé tí wọn ò ti sin ọmọ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ á pé ọdún mẹ́ta, àrọmọléegun á dé, ọwọ́ ẹsẹ̀ á wú, ó parí. Òmíràn á dé, ohun kan náà. Kí lẹ fẹ́ káwọn òbí wa pè é? Wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, wọ́n sọ wọ́n ní Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Wọ́n sàmì sí òkú òmíràn lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Kì í ṣe ìwà ìkà ló mú wọn ṣe é. Bí ọkọ rẹ bá jẹ́ AS, ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ ló ti gbà á, bí kì í bá ṣe àwọn méjèèjì ló ní in. Obìnrin tó ń pe ọmọ rẹ ní àbíkú yìí, ó ṣeé ṣe kóun náà ti sin ọmọ rí. Má bá a jiyàn. Bi í nípa àwọn ọmọ tó bí ṣáájú ọkọ rẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì dákẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, mú un dání lọ sí kíníìkì. Kí dókítà yà á sórí ìwé fún un: bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé yóò jẹ́ SS, ìdá kan AA, ìdá méjì AS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o. Kì í ṣe pé bí o bá ti bí ẹyọ kan, mẹ́ta tó kù ti là. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣi ìyẹn gbọ́. Ìwọ fún un ní S kan, ọkọ rẹ fún un ní ìkejì. Kò sẹ́ni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìwé láàbù tó wà nínú àpótí yẹn, n kò mọ ohun tí o ń fi í pamọ́ ṣe.

Ní ti orí yíyí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ dókítà ọpọlọ, Àrò, ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, la máa ń rò, ká rò pé inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Ní Àrò gan-an, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Láti ìgbà náà ló ti yé e pé àárín èèyàn ni ọkàn ti ń sàn. Òfin náà ti yí padà: ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò Lunacy Act ti 1958. Àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ní Kábbà á sọ̀rọ̀ ṣá. Wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí pé aṣọ àwọn wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìjùmú

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Kò tilẹ̀ dìgbà tó bá lọ síbi tí wọ́n kọ "ọpọlọ" sára ògiri. Ìyá Bọ́lá, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá mú ọmọ lọ, ẹ gba káàdì tiyín náà. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò sùn, mi ò jẹun, ọwọ́ mi ò lọ sí iṣẹ́. Ẹ má sọ pé orí ń fọ́ yín, kí wọ́n má baà kọ oògùn ibà fún yín kí wọ́n sì pe ẹlòmíràn wọlé. (Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà máa ń kánjú.)

Wọ́n lè jókòó bá yín sọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi ìgbà, wọ́n sì lè kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi fluoxetine tàbí amitriptyline. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì ṣe dá a dúró lójijì nígbà tí ara bá yá. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó, pàápàá amitriptyline. Bó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí Federal Teaching Hospital ní Lọ́kọ́ja, èyí tá a mọ̀ sí FMC tẹ́lẹ̀, tàbí sí ẹ̀ka Behavioural Sciences (ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ) ní UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin. Fún ẹ̀yin ará Yàgbà, Ìlọrin lè yá.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ báyìí. Kí wọ́n bá a gbà á.

Adúrótolúwa (Mọ̀pà)

Mo gba ti Lexotan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀sín o. Ẹni tó ń gbàdúrà kò kọ oògùn.

Bàbá Ìbejì (Ẹ̀gbẹ̀)

Ta ló fi ṣẹ̀sín? ECWA, ìjọ Kristẹni tó ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí, òun náà ló ní ọsibítù tó wà ní ìlú mi. Ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ọmọ Bùnú (Lọ́kọ́ja)

Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò fẹ́ dá sí i. SS ni èmi fúnra mi. Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mò ń ṣiṣẹ́.

Màmá mi náà kì í sùn. Ẹ̀yin òbí máa ń rò pé a ti sùn. Màmá á fọwọ́ kàn mí, màá dijú. Nígbà tó yá, bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, mi ò ní sọ, torí mo ti mọ bí ojú rẹ̀ á ṣe rí. Màá máa fara dà á títí á fi kọjá ohun tí mo lè pa mọ́ra. Ohun tí omi mímu, aṣọ òtútù àti paracetamol ì bá ti kápá nílé, á ti di ọsibítù. Gbogbo ẹni tó ń sọ fún ìyá yìí pé kó fara dà á nítorí ọmọ, ara ọmọ náà ló máa hàn sí.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan ní kíníìkì ló kọ́ wa ní ti nọ́ńbà. Òdo, kò dùn mí rárá. Mẹ́wàá, èyí tó burú jù. Màmá á béèrè, màá dá nọ́ńbà pè, kò ní sí háà, kò ní sí ẹkún. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, à ń mu omi, à ń fi aṣọ gbígbóná lé e. Bó bá di méje, a ti ń wá mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é dáadáa. Kó sì ní ìgò omi tirẹ̀, kó jẹ́ òun ló máa bu omi sí i. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá nọ́ńbà pè fúnra mi ni màmá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, torí ó gbà pé bó bá dé, màá jí òun.

Ẹ̀gbọ́n mi AA ni. Títí dòní ó máa ń ṣàwàdà pé ọsibítù ni wọ́n ti máa ń ṣe ọjọ́ ìbí òun. Kì í ṣe àwàdà. Ẹ wo ọmọkùnrin yín tó lọ yá owó ìwé yẹn o.

Ìyá Bọ́lá (Kábbà)

Ọmọ Bùnú, mo ka tìrẹ, mo sì dúró fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè kọ nǹkan kan. Mo bi ọmọ mi ní nọ́ńbà lónìí. Ó ní méjì. Ó ti ń dùn ún láti àárọ̀, kò sì sọ.

Ìyá ọkọ mi gbà láti tẹ̀ lé wa lọ sí kíníìkì. Kò dáhùn ìbéèrè tí Olùkọ́ ní kí n bi í. Ó kàn ní òun á mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún ọmọ. Bàbá wọn ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdé, mo sì ti sọ fún un pé òru tirẹ̀ ni. Ó béèrè orúkọ oògùn ọmọ lọ́wọ́ mi (Ìyá Tèmídire, ẹ má rẹ́rìn-ín). Káàdì tèmi, màá gbà á. Ohun tó kù ni ẹni tó máa jókòó ti ọmọ lọ́sàn-án tí mo bá fẹ́ rán aṣọ tó wà nílẹ̀ wọ̀nyí.

Adúrótolúwa (Mọ̀pà)

Mo mọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀yin lẹ rán aṣọ ẹgbẹ́ wa. Mò ń bọ̀ ní Kábbà lọ́sẹ̀ yìí. Mo lè jókòó tì í, ẹ kàn kọ àwọn àmì tí Nọ́ọ̀sì kà sílẹ̀ yẹn sínú ìwé fún mi.

Ìyá Bọ́lá (Kábbà)

Ẹ máa bọ̀. Lexotan nìkan ni kẹ́ ẹ má mú dání.